Ọgbà Saiho-ji ní Kyoto: ìmọ̀ràn fún ará Òṣogbo tí ó ń lọ sí Jàpáànù

Nínú gbogbo ọgbà àti tẹ́ḿpìlì tí mo wọ̀ ní Kyoto, Saiho-ji ni mo lè gba ará Òṣogbo níyànjú pé kí ó ná owó rẹ̀ lé lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ìwọlé rẹ̀ wọ́n ju ti àwọn yòókù lọ.

Láti ọdún 1977 ni wọn kò ti jẹ́ kí èrò kàn máa ya wọ ibẹ̀ mọ́. Àlejò gbọ́dọ̀ tọrọ àyè ṣáájú. Bí ó bá sì dé, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n sábà ń kọ́kọ́ mú un lọ, kí ó jókòó, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àdàkọ ọ̀rọ̀ mímọ́ ẹ̀sìn Búdà. Ètò yìí wú mi lórí gidigidi, nítorí pé ẹni tí ó ti jókòó jẹ́ẹ́ kọ̀wé kì í fi ìkánjú rìn nínú ọgbà mọ́.

Muso Soseki, àlùfáà Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà, ni ó tún ọgbà náà ṣe ní 1339, ṣùgbọ́n ewéko wẹ́wẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí, irú èyí tí ń bo ara òkúta lọ́dọ̀ wa nígbà òjò, kì í ṣe òun ni ó gbìn ín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀rinrin ilẹ̀ àti òjìji igi mú un hù. Ó tó nǹkan bí oríṣi 120, ó tẹ́ rẹrẹ yí adágún omi ká, ibì kan dúdú mìnìjọ̀, ibòmíràn sì mọ́lẹ̀ bí ewé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú.

Kinkaku-ji, tẹ́ḿpìlì mìíràn ní Kyoto, tí wọ́n tún kọ́ ní 1955 lẹ́yìn tí iná jó o ní 1950, lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò ibẹ̀ kò jẹ́ kí n rí i tẹ́rùn. Ryoan-ji, tẹ́ḿpìlì tí ó ní ọgbà òkúta, sàn jù ú lọ: òkúta 15 ni ó wà níbẹ̀, ibikíbi tí ènìyàn bá sì jókòó sí ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà, ó kéré tán, ọ̀kan yóò fara pamọ́ fún un.

Àwa náà ní Igbó Ọ̀ṣun, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, tí UNESCO sì kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ó wù mí kí àlejò tí ó bá wá lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun kọ́kọ́ jókòó gbọ́ oríkì Ọ̀ṣun kí ó tó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí odò.

Ẹni tí ó bá ń lọ sí Saiho-ji, kí ó gba àyè kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, kí ó sì yan oṣù kẹfà, nítorí àsìkò òjò wọn ni ewéko náà máa ń tutù yọ̀yọ̀ jù.