Sítóòfù gáàsì fún ìpàgọ́: olójú méjì ni tàbí kékeré orí agolo?

Bí ọkọ̀ bá máa gbé yín dé ibi tí ẹ ó pàgọ́ sí, olójú méjì tó ń lo irú gáàsì tí wọ́n ń pè ní propane ni kí ẹ mú. Ó wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkòkò ńlá jókòó dáadáa lórí rẹ̀, ẹ sì lè rọ iná rẹ̀ sílẹ̀ kí ọbẹ̀ máa hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Òtútù ló ya wọ́n sọ́tọ̀ jù. Propane ṣì ń di gáàsì títí dé -42°C. Butane, irú gáàsì mìíràn tó wà nínú ọ̀pọ̀ agolo kékeré, kì í fẹ́ jáde mọ́ bí ojú ọjọ́ bá ti sún mọ́ 0°C. Iná á wá máa ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn.

Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kékeré ni tirẹ̀. Ó wọ inú ife, omi tíì ló sì mọ̀ ọ́n sè jù. Ẹ má fi nǹkan yí i ká torí afẹ́fẹ́ o! Agolo lè gbóná débi tí yóò bú gbàmù.

Ẹ fi omi ọṣẹ pa ojú ibi tí sítóòfù ti so mọ́ agolo: bó bá ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò. Ìta sì ni kí ẹ ti dáná. Nínú àgọ́, carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń ti ara iná jáde, kò lóòórùn, ó sì ń pani.