Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní Agodi-Gate

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mu ọ́ìlì, tí èéfín rẹ̀ sì ti di búlúù, rìngì, ìyẹn òrùka irin tó yí písítìnì inú ẹ́ńjìnnì ká, ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìgboro Ìbàdàn máa ń ní ká lọ rà. Ilé iṣẹ́ tí a gbé ẹ́ńjìnnì katakata wa lọ ní Agodi-Gate kò ṣe bẹ́ẹ̀. Massey Ferguson 135 ni katakata náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1964, tí ó ní ẹ́ńjìnnì Perkins oníṣílíńdà mẹ́ta, ìyẹn ihò mẹ́ta tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò.

Ọ̀gá ibẹ̀ kọ́kọ́ fi gééjì wọn inú ṣílíńdà kọ̀ọ̀kan lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ó wá ní kí n fi èékánná wọ́ ara ṣílíńdà kejì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí n dé etí, èékánná mi kọ́ nǹkan bí àtẹ̀gùn tín-ín-rín. Ó ṣàlàyé pé ibi tí rìngì òkè pátápátá ti ń ṣẹ́rí padà nìyẹn, àti pé ibẹ̀ ni irin máa ń jẹ jù, nítorí pé ooru pọ̀ níbẹ̀, ọ́ìlì kò sì tó. Bí a bá ki rìngì tuntun sínú irú ṣílíńdà bẹ́ẹ̀, ó lè gbá àtẹ̀gùn náà kó sì kán.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ó béèrè ibi tí iyanrìn tó jẹ irin náà gbà wọlé. Ó ní ká lọ tú àsẹ́ afẹ́fẹ́ wá láti oko ní Mọ́níyà, a sì rí i pé hóòsì rọ́bà tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì ti sán lábẹ́ kílíìpù, níbi tí ojú kò lè tó láìtú u. Bí hóòsì yẹn bá wà níbẹ̀, eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ìbá tún jẹ láínà, ìyẹn irin tó bo inú ṣílíńdà, àti písítìnì tuntun tí a rà.

Mo tún gbọ́ tó ń dá awakọ̀ Mercedes 911 kan lóhùn, ẹni tó rò pé ayédèrú ọ́ìlì ni wọ́n tà fún òun torí pé ó tètè dúdú. Ó ní èédú dísẹ̀lì ló ń sọ ọ́ di dúdú, kí ó kàn máa pa á dà lásìkò, kí ó sì yé tẹ iná mọ́ ọkọ̀ láàárọ̀ kí ọ́ìlì tó yí ká.

Wọ́n pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, ẹnikẹ́ni kò sì pè wá. Owó wọn ju ti mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lọ dáadáa. Wọn kì í fọwọ́ kan pọ́ǹpù dísẹ̀lì. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn náà ni ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì wa ń lọ.