Awò tí a ń há mọ́ fóònù: ṣé ó tó fi dá alántakùn mọ̀?

Ọjà Wàǹdó ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ra awò kékeré tí a ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù, ní sẹ́fà 3,000. Mo rà á kí n lè dá àwọn alántakùn inú ọgbà ẹ̀fọ́ wa mọ̀, pàápàá èyí tó fara jọ pàǹtí débi pé ènìyàn lè máa bomi rin ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láràárọ̀ láì rí i.

Alántakùn ọ̀hún kò gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Òkú kòkòrò tó ti jẹ tán àti ìrúnrún ewé gbígbẹ ni ó ń tò ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àwọ̀n rẹ̀. Á wá kó ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ra, á jókòó sáàárín ìlà náà, tí agbọ́n tó ń wá ẹran kò fi ní tètè mọ èyí tó wà láàyè níbẹ̀. Fóònù lásán kò fi nǹkan kan hàn mí ju ìdọ̀tí lọ. Pẹ̀lú awò náà, mo rí àwọ̀ fàdákà àti àwọ̀ ilẹ̀ tó dà pọ̀ lára rẹ̀, àti, èyí tó ṣe pàtàkì jù, ìdí ikùn rẹ̀ tó yọ gọngọ sẹ́yìn kọjá ibi tí òwú ti ń jáde. Èyí, pẹ̀lú ìlà pàǹtí yẹn, ni a fi ń dá ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà Cyclosa mọ̀, orúkọ tí Menge, onímọ̀ nípa alántakùn, fún wọn ní ọdún 1866.

Inú mi dùn sí awò yìí gan-an, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ní ààlà. Ó ní láti súnmọ́ alántakùn gan-an kí àwòrán tó mọ́, afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ikùn alántakùn bá sì hàn gaara, ojú rẹ̀ kò ní hàn dáadáa. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, kí ẹ sì gbé páálí dúdú sẹ́yìn àwọ̀n náà. Kò lè sọ irú Cyclosa tó jẹ́ gan-an, nítorí ẹ̀yà ìbímọ alántakùn tó ti dàgbà ni àwọn onímọ̀ ń yẹ̀ wò lábẹ́ maikirosikóòpù kí wọ́n tó sọ ìyẹn. Fún olùtọ́jú ọgbà tó fẹ́ mọ ohun tí kò yẹ kó fi ìgbálẹ̀ gbá dànù, ó tó, ó sì tún ṣẹ́ kù.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ há a mọ́ fóònù yín níwájú ọlọ́jà, nítorí lára fóònù tó ní kámẹ́rà mẹ́ta, kì í sábà bọ́ sójú èyí tó ń ṣiṣẹ́.