Ẹ ṣọ́ra fún ilé tí wọ́n ní "ayálégbé ti kún inú ẹ̀"

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé àkọ́kọ́ tí ẹ máa rà fi gbowó ilé, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe ná. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ilé wá tó ní ayálégbé ti kún inú ẹ̀, pé kí ẹ ṣáà ti sanwó kí ẹ máa gbowó lọ, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan títí ẹ ó fi ka èyí tán. Èmi ti fọwọ́ sí i ní tèmi. Ojú ń tì mí, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Fúláàtì mẹ́rin ni. Ọ̀dà tuntun, táìlì tuntun ní gbogbo balùwẹ̀, ìwé àdéhùn ayálégbé mẹ́rin tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ẹni tó ń tà á tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dúró fún owó ilé fún oṣù mẹ́fà: ayálégbé tí kò bá san, òun á san án. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ò ní rò pé olóòótọ́ nirú ẹni bẹ́ẹ̀? Mo ka ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n ò kàwé.

Ibi tí jìbìtì náà wà gan-an rèé. N ò ní kọ iye tí mo san, ẹ jẹ́ ká fi iye kékeré ṣírò ẹ̀. Ká ní fúláàtì kan ní àdúgbò yẹn ń mú 100 wọlé lóṣù. Mẹ́rin á mú 400 wá lóṣù, 4,800 lọ́dún. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ń lọ ní ìlọ́po 10 owó ọdún kan, 48,000 ló yẹ kí wọ́n tà á. Ọkùnrin yìí wá kọ 130 sínú ìwé àdéhùn kọ̀ọ̀kan, ó sì bá àwọn ayálégbé sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa mú 100 wá, òun á fi 30 kún un. Lórí ìwé, owó ọdún kan di 6,240, iye ilé sì di 62,400. 14,400 ló fi gorí ẹ̀. Èló ló ná an láti fi 30 kún ti fúláàtì mẹ́rin fún oṣù mẹ́fà? 720! Ó fi 720 kó 14,400. Inú owó tí mo san fún un náà ló ti ń yọ 720 ọ̀hún fún mi díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ń dúpẹ́! Oṣù mẹ́fà gbáko!

Oṣù keje ni àṣírí tú. Ayálégbé méjì kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ìkẹta ní 100 lòun mọ̀, 100 náà lòun á máa san. Ìkẹrin ò sanwó kankan rí: òun ló lẹ táìlì balùwẹ̀ fún ẹni tó ta ilé, wọ́n ní kó ṣì máa gbébẹ̀ títí wọ́n á fi rí ẹni rà á. Àwọn méjì tó kó jáde tún ní kí n dá owó ìdógò àwọn padà, owó tí wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kó wọlé. Owó ìdógò wo? Ọwọ́ ẹni tó ta ilé ló kù sí, kò yọ ọ́ kúrò nínú iye tí mo san. Lọ́yà ní bí òfin ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi nìyẹn, ẹni tó bá ra ilé ló ra gbèsè owó ìdógò mọ́ ọn. Ó yẹ kí n béèrè. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè. Ṣùgbọ́n ṣé kò yẹ kí ẹni tí owó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sọ ni?

Ti balùwẹ̀ ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Nínú yàrá tó wà lábẹ́ balùwẹ̀ òkè, ibì kan wà lára àjà tó funfun ju ìyókù lọ, kò fẹ̀ ju àtẹ́wọ́ méjì lọ. Mo rí i. Mo fojú ara mi rí i, mo ní bóyá ọ̀dà ni kò dọ́gba. Kò pẹ́ tí mo ra ilé tí àbàwọ́n pupa rúsúrúsú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yí ibẹ̀ ká. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Ibi tí páìpù tó ń gbé omi ìwẹ̀ jáde ti so pọ̀ ló ń jò. Omi kì í sì í jáde ńbẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá ń wẹ̀, ìdí nìyí tí ẹ lè fi rìn yí ilé po fún wákàtí kan kí ẹ má rí ẹ̀kán omi kan. Igi abẹ́ táìlì ti jẹrà. Wọ́n lẹ táìlì tuntun lé igi jíjẹrà lórí! Kí ẹ di ihò tí omi ń gbà jáde nínú ọpọ́n ìwẹ̀, kí ẹ pọn omi kún ọpọ́n náà dáadáa, kí ẹ tú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnì kejì dúró nísàlẹ̀ kó tẹjú mọ́ àjà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ẹni tó wá yẹ ilé wò fún mi ò ṣe é. Ajẹ́ńtì ló júwe ẹ̀, kí ni mo tún ń retí?

Ìyókù, kíákíá. Ìwé àdéhùn ò fi hàn pé ẹnikẹ́ni sanwó. Ìwé báńkì oṣù 12 ni kí ẹ gbà, kí ẹ fi owó tó wọlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wé orúkọ ayálégbé. Kí ayálégbé kọ̀ọ̀kan fọwọ́ ara ẹ̀ kọ iye tó ń san, ọjọ́ tó kó wọlé, iye owó ìdógò ẹ̀, àti bóyá wọ́n fún un ní oṣù ọ̀fẹ́ tàbí wọ́n ń bá a fi nǹkan kún un. Kí ẹni tó ń ta ilé má dúró tì í. Bí gbogbo wọn bá kó wọlé láàárín oṣù méjì, tí ilé sì dórí àtẹ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ sá. Iye tí wọ́n ń béèrè fún fúláàtì tó ṣófo nítòsí ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé tiwọn. Ẹ yọ bí ìdajì owó ilé sẹ́yìn fún àtúnṣe, owó orí, ìbánigbófò àti oṣù tí kò ní sí ayálégbé, kí ẹ tó ka gbèsè báńkì rárá; oṣù kan péré tí fúláàtì bá ṣófo ti lọ pẹ̀lú 8.3% owó ọdún fúláàtì náà. Kí owó ìdógò wà nínú ìwé ìrajà, kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Lọ́yà tí ẹ wá fúnra yín. Ẹni tó máa yẹ ilé wò náà, ẹ wá a fúnra yín.

Mi ò gba ẹnì kankan tó ń ta ilé gbọ́ mọ́. Ẹ lè ní kì í ṣe gbogbo wọn. Ó dáa. Àmọ́ ìdá kan lórí iye ilé ni ajẹ́ńtì ń gbà, bí iye ilé bá ṣe ga sí ni tiẹ̀ náà ń ga sí. Kí ló máa mú un sọ pé 130 yẹn ti pọ̀ jù?

Mo pe ajẹ́ńtì yẹn lẹ́yìn gbogbo ẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀. Ó ní kí n tún àjà yẹn kùn, kí n fún ayálégbé tuntun ní oṣù méjì ọ̀fẹ́, kí n kọ 130 sínú ìwé, òun á bá mi wá ẹni tó máa rà á.