Àgbádárìgì àbí Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin fún ọjọ́ mẹ́ta?

Bí ẹ bá ń gbé Èkó, Àgbádárìgì kò ní ná yín lówó púpọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì wà níbẹ̀. Ẹ óò wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, kí ẹ tó fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oníyanrìn tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Òùngbẹ á gbẹ yín! Alágbọn á fi àdá bẹ́ orí àgbọn tútù, omi á ta sí i lọ́wọ́.

Ti Ouidah gba wàhálà díẹ̀: bodè Sẹ̀mẹ̀, owó ṣíṣẹ́ sí séfà. Ṣùgbọ́n ilé òrìṣà òjòlá wà níbẹ̀, àkàsà àti ẹja díndín náà ń bẹ. Òkun méjèèjì le, ẹ má lúwẹ̀ẹ́. Ouidah lèmi ó mú, pàápàá ní oṣù Kìíní, tí wọ́n ń ṣọdún Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn.