AnkiDroid fún akẹ́kọ̀ọ́ sàíkọ́lọ́jì: áàpù tó dára, tí káàdì burúkú àti àìsùn máa ń bà jẹ́

Áàpù káàdì ìbéèrè ni AnkiDroid. Ọ̀fẹ́ ni lórí Android, kò sì nílò dátà mọ́ lẹ́yìn tí o bá ti gbé e sórí fóònù. Ìyẹn nìkan ti tó nǹkan fún ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Unilag ní Akoka: níbi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ti dá ọkọ̀ dúró lórí Ikorodu Road, iṣẹ́ á máa lọ. Ṣùgbọ́n la ojú rẹ dáadáa nígbà tí o bá ń wá a o, torí àwọn mìíràn wà tí orúkọ wọn jọ ọ́, tí wọn kì í ṣe òun. AnkiDroid gan-an ni kí o rí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ó bi ọ́ ní ìbéèrè, o dáhùn nínú ọkàn rẹ, o ṣí ìdáhùn wò, o sì tẹ bó ṣe rí: Again bí o bá ti gbàgbé, Hard bó bá fẹ́ nira, Good bí o bá rántí, Easy bó bá dà bí ẹní fẹran jẹ̀kọ. Bí wọ́n ṣe tò ó kí o tó fọwọ́ kàn án, Good àkọ́kọ́ á dá káàdì tuntun padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, Good kejì á sún un sí ọ̀la, lẹ́yìn náà ọjọ́ mélòó kan, ọ̀sẹ̀, títí dé oṣù. Ní 1885 ni Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Jámánì, ti fi ara rẹ̀ dán ìgbàgbé wò: nínú làálàá tó fi kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ohun tó ṣẹ́kù kò tó ìdajì lẹ́yìn wákàtí kan, ó sì ku bí ìdámẹ́ta lọ́jọ́ kejì. Ìyẹn ni áàpù yìí ń bá jà.

Ó tún ní ohun kan tí kíka handout lákàtúnkà kò ní. Àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì méjì, Roediger àti Karpicke, ní 2006, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wá gbìyànjú láti rántí rẹ̀ láìwò ó. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á lẹ́ẹ̀mejì ló ń léwájú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn yẹn rántí 42%, àwọn tó dán ara wọn wò rántí 56%. Àkàtúnkà máa ń dùn lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń tan èèyàn jẹ.

Káàdì fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹnì kan á kọ "Ṣàlàyé oorun" síwájú, á da odindi ojú-ìwé kan sẹ́yìn. Á rántí ìdajì, á tẹ Good, ìdajì kejì á sì bá a lọ. Ohun tí èèyàn lè gbé sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà kéré: George Miller sọ ní 1956 pé bí 7 ni, Nelson Cowan fà á wálẹ̀ sí bí 4 ní 2001. Fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. "Ìyípo oorun kan tó ìṣẹ́jú mélòó?" Bí 90. "Apá wo nínú òru ni oorun àsùnwọra ti pọ̀ jù?" Ìbẹ̀rẹ̀. "REM, oorun tí àlá ti ń pọ̀, ńkọ́?" Ìparí, sí ìdájí.

Fún àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń dàrú mọ́ra wọn, àpẹẹrẹ ni kí o fi ṣe ìbéèrè, má fi ìtumọ̀ ṣe é. "Mọ́tò ń ké pì-pì títí dẹ́rẹ́bà fi wọ bẹ́líìtì, látìgbà náà ó ń tètè wọ̀ ọ́." Negative reinforcement: ohun tó ń yọni lẹ́nu kúrò, ìwà náà pọ̀ sí i. "LASTMA gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó gba one-way, kò gbà á mọ́." Punishment: ìwà náà dínkù. Ẹni tó bá gba káàdì oníkáàdì sórí fóònù kì í ní irú èyí, ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ràn ẹ̀.

Káàdì tuntun 20 lójúmọ́ ni wọ́n tò ó sí. Ó pọ̀. Bó bá yá, 20 yẹn lè mú bí 200 àtúnyẹ̀wò wá lójúmọ́. Dín in kù sí 10. Bí o bá pa ọjọ́ mélòó kan jẹ, tí iṣẹ́ wọ́ jọ, sọ káàdì tuntun di 0 títí gbèsè á fi tán. Káàdì tí o bá gbàgbé lẹ́ẹ̀mẹjọ, áàpù á lẹ àmì tí wọ́n ń pè ní leech mọ́ ọn. Tún un kọ, má bá a jìjàkadì.

Má fi ṣe TDB, ìyẹn kíkàwé mọ́jú. Agogo mẹ́rin ìdájí ni ọjọ́ áàpù yìí máa ń yí, bí ẹni pé ó ń gbè sẹ́yìn àwọn tí kì í sùn. Láti 1924 ni Jenkins àti Dallenbach ti rí i pé ohun téèyàn kọ́ kó tó sùn máa ń ṣẹ́kù ju èyí tó kọ́ tó sì wà lójúfò lọ. Ẹni tó sùn ní agogo méjìlá, tó jí ní mẹ́rin ààbọ̀ láti wọ dáńfó, ti gé ọ̀pọ̀ REM rẹ̀ kúrò. Ṣe àtúnyẹ̀wò ní ìrọ̀lẹ́, kí o sùn wákàtí méje ó kéré tán.

Ṣí àkáǹtì AnkiWeb, ibi tí káàdì rẹ á máa wà lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kí o sì máa tẹ Sync láti fi wọ́n ránṣẹ́ síbẹ̀; ibí yìí ló ti ń fẹ́ dátà. Bí wọ́n bá já fóònù gbà ní Òṣòdì, tí o ra òmíràn, ó lè bi ọ́ pé Upload tàbí Download. Download ni. Upload á fi òfìfo bo gbogbo káàdì rẹ mọ́lẹ̀.

Bí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Past question ni kí o mú, kí o fi ìwé bo ìdáhùn rẹ̀. Ti iPhone, AnkiMobile ni orúkọ rẹ̀, owó ni wọ́n ń tà á, bí dọ́là 25.