The Last Movie Star: Burt Reynolds kojú ìgbà èwe ara rẹ̀

Ẹni tó bá ń wá fíìmù oníbọn, kó fi èyí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ló wà nínú The Last Movie Star, ó sì wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Adam Rifkin ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀, Burt Reynolds, òṣèré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló sì ní lọ́kàn tó fi kọ ọ́.

Reynolds ló ṣe Vic Edwards, òṣèré tó lókìkí nígbà kan, tó wá ń dá gbé, tó ń tọ̀pá. Wọ́n pè é sí àjọ̀dún fíìmù ní Nashville láti gba àmì ẹ̀yẹ. Àṣé ilé ọtí ni wọ́n ti ń ṣe é! Apá yìí fà díẹ̀, ariwo àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì pọ̀ jù. Ó pẹ́ kí n tó fẹ́ràn ọmọbìnrin tó ń fi mọ́tò gbé e kiri, tí Ariel Winter ṣe.

Ìgbà tí Vic ní kó gbé òun lọ sí Knoxville, níbi tó ti ṣe kékeré, ni fíìmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Ó lọ bẹ Claudia, aya àárọ̀ rẹ̀, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àrùn ìgbàgbé ti mú ìyá náà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọ̀ffà ni mo ti wò ó. Wọ́n wo eré Ògúndé àti Bàbá Sàlá láyé ìgbà tí àwọn onítíátà ń gbéré láti ìlú dé ìlú. Èmi ni mo ń túmọ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Dá a dúró ná. Ṣé ó dá ọkọ rẹ̀ mọ̀?"

"Bàbá, kò jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù." Wọ́n ní kí n tún ibẹ̀ gbé wá.

Rifkin tún gbé Vic arúgbó sínú fíìmù tí Reynolds ṣe lọ́dọ̀ọ́: Deliverance ti 1972 àti Smokey and the Bandit ti 1977. Ó jókòó sínú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń bá a wí, ọ̀dọ́ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sáré lọ. Ẹlòmíràn ò lè ṣe ipa yẹn. Oṣù kẹsàn-án 2018, ọdún tí fíìmù náà jáde, ni Reynolds kú. Bàbá Sàlá náà tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò fèsì fún ìgbà díẹ̀.

Fíìmù náà lé ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Èébú pọ̀ níbẹ̀, ẹ má wò ó lójú ọmọdé.